Sípánà Kẹtàdínlógún

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parí,
afẹ́fẹ́ kì í kanlẹ̀kùn; ó ń wọlé ni.
Èmi ni mo ń tọ́jú irin iṣẹ́ nílé bàálù,
Eduvina Barrientos, ọmọ apẹja,
ẹni tí kò wọ bàálù lọ síbì kankan rí,
ṣùgbọ́n tí bàálù ò lè gbéra
àfi tí mo bá fọwọ́ sí i pé irin pé.

Nítorí irin tí a bá gbàgbé sínú ìyẹ́
kì í sùn. Á máa yí kiri nínú òkùnkùn,
á lọ há síbi tí kò yẹ kó há,
ikú á sì ti wọkọ̀ láìsanwó.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,
ṣùgbọ́n irin ò léèwọ̀: à ń kà wọ́n láàárọ̀,
à ń kà wọ́n lálẹ́.

Láyé ìjọ́un, bí ọ̀kan bá sọnù,
ìkúnlẹ̀ ni. Tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
a ó tú ìjókòó, a ó tú abẹ́ ìjókòó,
Nibaldo Oyarzo á máa ṣépè fún òtútù
títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lóṣù kẹfà,
ilẹ̀ kì í tètè mọ́ níbí.

Lọ́dún kejì sẹ́yìn ni wọ́n kó bọ́tìnnì dé,
kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, mọ́ àpótí, mọ́ táyà,
mọ́ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì olówó ńlá tó ń bọ̀ láti Santiago.
Ní báyìí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà:
irin kọ̀ọ̀kan di ìmọ́lẹ̀ kékeré aláwọ̀ ewé,
bí iná ọkọ̀ apẹja lójú òkun
nígbà tí ìyá mi ń dúró létí omi, tó ń kà.
Ọkọ̀ bàbá mi ò ní bọ́tìnnì.
Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lánàá, bàálù kan ń lọ sí ilẹ̀ yìnyín ní gúúsù,
àwọn kan ń retí oògùn níbẹ̀.
Mo kà: ọgọ́rin irin, ó dín ọ̀kan.
Kẹtàdínlógún ò sí.
Ọ̀gá Yerko ń wo aago, atukọ̀ ti wọ ìbọ̀wọ́,
ojú ọjọ́ yóò là fún wákàtí mẹ́rin péré.
Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tàn,
kì í ṣe nínú ìyẹ́, kì í ṣe nínú ọgbà wa:
ojú pópó etí òkun ni, ó dúró jẹ́ẹ́,
nínú ilé tí mo mọ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Nibaldo fẹ̀yìntì.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. A fún un ní kéèkì àti aago.

"Ṣebí kò sí nínú bàálù," ni Yerko wí, "fọwọ́ sí i."
Mo ní bọ́tìnnì lè já. Bọ́tìnnì ni mo rí,
mi ò tíì rí irin. Mo gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn kí n tó kàn án.
Sípánà wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì,
ó ti nù ún, ó ti fi òróró pa á,
ó tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀.
"Mo rò pé ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó mọ̀."
Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan tí yóò dì mú.
Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà lára irin náà
ti jẹ wọnú díẹ̀;
ọwọ́ tèmi ò bá a mu.

Mo gbà á. Kí ni ǹ bá ṣe?
Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú bàálù yẹn.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gbéra.
Ọgọ́rin ìmọ́lẹ̀, gbogbo wọn pé.
Mo tẹ orúkọ Nibaldo, mo kàn fi ṣeré ni.
Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, máa ra búrẹ́dì gbígbóná,
máa gba etí òkun lọ,
kí n lè kà á mọ́ wa.